Ògbifọ̀ Tó Ba Ara Rẹ̀ Lórúkọ Jẹ́

Ọkùnrin kan wà ní Kèrè, lábẹ́ àwọn òkè Dassa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láìdáa fún àlejò, títí àlejò náà fi gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òun pàdé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ láé. Mo mọ ọkùnrin náà dáadáa. Èmi ni.

Gervais lorúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí. Mo níyàwó, mo bímọ mẹ́ta, mo sì ní oko ẹ̀gẹ́ tí kò tóbi. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín bí ẹ ti ń kà á, ẹ rín in. Èmi náà ti ń rín in báyìí, àmọ́ ó pẹ́ kí ẹ̀rín náà tó dé.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo lọ sí Ṣakí ní Nàìjíríà, mo sì lo oṣù mẹ́rìnlá níbẹ̀. Nígbà tí mo padà, mo sọ fún tẹrú-tọmọ pé ọ́fíìsì ni mo ti ṣiṣẹ́, pé mo ní tábìlì tèmi, pé òyìnbó kan a máa wá kí mi níbi iṣẹ́. Euphrasie gbọ́ ìròyìn yìí, ó sì fẹ́ mi.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé iyán ni mò ń gún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ni ilé oúnjẹ náà wà, àárọ̀ di ọ̀sán ni mo sì fi ń gún un. Olódó làwọn oníbàárà ń pè mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àmì orí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: olódó, ẹni tó ni odó. Bí ẹ bá gbọn àmì tó kẹ́yìn kúrò lórí rẹ̀, ẹ ó rí ohun tí mo jẹ́ gan-an.

Kò sí ohun tó burú nínú iyán gígún. Ṣùgbọ́n nígbà tí irọ́ bá ti di àga tí èèyàn jókòó lé, ìdìde a máa ṣòro.

Lọ́dún tó kọjá, Rodolphe, ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òwò ní mairie, ilé ìjọba ìlú Dassa, gbé ọ̀kadà rẹ̀ wá sí Kèrè. Ó ní àwọn obìnrin oníṣòwò oúnjẹ ń bọ̀ láti Nàìjíríà. Wọ́n fẹ́ máa ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, kó má baà máa gba ọwọ́ márùn-ún kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí ní Kèrè wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ rí.

Claudine ni ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Ìyàwó mi Euphrasie ló ń yan gàrí fún wọn. Àwọn yòókù lè bó ẹ̀gẹ́, wọ́n lè rin ín, wọ́n lè kù ú, ṣùgbọ́n bó bá dé ìdí iná, Euphrasie ni gbogbo wọn ń wò.

"A nílò ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti Nàìjíríà dénú," ni Rodolphe wí. "Mo ti ń ro Bàṣírù, tó ń ta aṣọ lọ́jà Dassa."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Èdè Ìdáàṣà tí à ń sọ àti Yorùbá yín, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ilé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti tọ́ wọn. Bí a bá rọra sọ ọ́, a ó gbọ́ra wa. Bí a bá ń sáré sọ ọ́, tí àwa ń ki Faransé àti Fọ̀n bọ̀ ọ́, tí ẹ̀yin náà ń ki Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ a kọjá lára ọ̀rọ̀ bí ọkọ̀ méjì lójú títì. Àárín ọ̀nà yẹn gan-an ni mo lọ na okùn mi sí bí aṣọ́bodè.

"Bàṣírù kẹ̀?" mo wí. "Èèyàn dáadáa ni o, Monsieur Rodolphe. Àmọ́ ará ilé wọn ni. Bí àwọn ará ilé rẹ̀ bá ń nájà, ẹ̀yìn ta ni yóò gbè sí?"

Bẹ́ẹ̀, Dassa ni wọ́n bí Bàṣírù sí. Dassa ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí.

Rodolphe ronú díẹ̀. "C'est vrai, òótọ́ ni," ló wí. "Ìwọ náà kúkú ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́dọ̀ wọn."

Wọ́n fún mi ní káàdì kan tó ní okùn, wọ́n kọ INTERPRÈTE, ìyẹn ògbifọ̀, sí i gàdàgbà. Mo gbé e kọ́rùn lọ sí oko. Mo gbé e kọ́rùn lọ sí Máàsì. Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, fàdá ní kí n jọ̀ọ́ yọ ọ́ kí n tó wá gba kòmúníọ̀n.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbọ̀ngàn kan ní Dassa ni wọ́n kó wa sí, àwọn àlejò lápá kan, àwọn tiwa lápá kejì, èmi láàrin bí òpó. Obìnrin kan tó sanra díẹ̀, tó wé gèlè funfun, dìde.

"Àlàájà Ràhímọ́tù lorúkọ mi," ló wí. "Láti Ṣakí ni mo ti wá."

Mo wo ẹnu ọ̀nà.

Àlàájà bu gàrí wa lẹ́kúnwọ́, ó jù ú sẹ́nu, ó sì pa ojú dé. Ó bu òmíràn sínú ife, ó da omi tútù sí i, ó ń wò ó bó ṣe ń wú. Nígbà tó la ojú, ẹ̀rín ti gba gbogbo ojú rẹ̀.

"Ta ló yan èyí?" ló bi mí. "Láti ọdún tí mo ti ń ta gàrí, n kò tíì rí èyí tó funfun, tó gbẹ, tó sì kúnná tó báyìí. Ẹni tó yan án ni mo fẹ́ bá ṣe. Mo fẹ́ kó wá sí Ṣakí fún oṣù kan, kó wá kọ́ àwọn obìnrin tiwa. Èmi ni n ó gbé e wọ ọkọ̀, ilé mi ni yóò sùn."

Ẹnu mi ti là láti sọ ọ́ bó ṣe wí i. Mo fi Ọlọ́run búra, ó ti là. Àfi bí mo ṣe rí Euphrasie lójú inú mi, tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ṣakí pẹ̀lú àpò rẹ̀, tó ń bi ẹni àkọ́kọ́ tó rí léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ọ́fíìsì tí ọkọ mi ti ṣiṣẹ́?"

Euphrasie ń wò mí. "Kí ló wí?"

"Ó ní..." Mo wú ikọ́. "Ó ní gàrí náà kò burú. Ó ní àmọ́ ẹni tó yan án kò tíì mọ̀ ọ́n yan tó bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ lọ́dọ̀ àwọn. Kó máa kọ́ ọ sí i."

Ìyàwó mi wo inú abọ́ gàrí náà. "Ó sọ bẹ́ẹ̀? Ó mà ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́."

"Àṣà wọn nìyẹn," mo wí. "Bí wọ́n bá fẹ́ báni wí, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín."

Mo yíjú sí Àlàájà, mo sáré sọ ọ́ bí ará Ṣakí kí àwọn tiwa má baà gbọ́. "Obìnrin náà dúpẹ́ púpọ̀, Àlàájà. Òun nìyẹn, tó jókòó sí ìpẹ̀kun. Àmọ́ kò lè wá. Ọkọ rẹ̀ kò ní gbà."

"Ọkọ rẹ̀?"

"Ó le bí òkúta, Àlàájà. Kì í jẹ́ kó kọjá ọjà Glazoué."

Nínú gbogbo irọ́ tó wà láyé, ẹ wo èyí tí mo mú. Mo lè ní obìnrin náà ń ṣàìsàn. Mo lè ní ó ń bẹ̀rù ọkọ̀. Rárá, èmi fúnra mi ni mo wá fi èédú kun ara mi.

"Áà!" ni Àlàájà wí. "Irú ọkọ burúkú wo nìyẹn? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n pàdé irú wọn."

"Àmín," ni mo dáhùn.

Ó wá ń fi àánú wo Euphrasie. Euphrasie rí àánú náà, ó sì rò pé nítorí gàrí òun ni. Ó sọ orí kodò.

Kí wọ́n tó túká, wọ́n ṣe àdéhùn ọkọ̀ ẹrù kan fún oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní nọ́ńbà fóònù ògbifọ̀ ni kí gbogbo ọ̀rọ̀ máa gbà. Mo kọ nọ́ńbà mi sílẹ̀ pẹ̀lú ìwà ọ̀gá ńlá. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó lè ti Ṣakí dé Kèrè láìgba ẹnu mi kọjá, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga fún mi.

Àlàájà a máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí wásáàpù.

"Ọ̀gá ògbifọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ burúkú yẹn ńkọ́?"

"Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀, Àlàájà."

Lọ́jọ́ kejì: "Ọ̀gá ògbifọ̀, ṣé ó máa ń lù ú ni?"

Inú bí mi. "Rárá o, Àlàájà! Kò lù ú rí! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọlúàbí!"

"Ṣé ó ń mutí?"

Mo wo ife ọtí sódàbì tó wà lọ́wọ́ mi. "Díẹ̀díẹ̀," mo wí.

"Mo mọ̀!" ni Àlàájà wí. "Mo ti mọ̀!"

Èmi nìkan ló ń rí nǹkan yìí ní eré. Nílé mi, kò sí eré kankan.

Euphrasie kò bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ pé Àlàájà wí. Ì bá sàn kó bínú. Ńṣe ló gbà á gbọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún gàrí tí kò bàjẹ́ ṣe. Ó jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ pẹ́ sí i nínú àpò kí ó lè kan. Ó fi igi kún iná. Ó pa àfọ́kù igbá tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un láti máa fi yan gàrí tì, ó ra ṣíbí ńlá onírin lọ́jà, ó ní bóyá èyí ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Bó bá ti yan án tán, á bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á gbé e wá bá mi.

"Bàbá Christelle, ìwọ tó mọ ẹnu wọn, tọ́ ọ wò."

Mo tọ́ ọ wò. Ó ti pọ́n. Ó korò díẹ̀ nísàlẹ̀ ahọ́n.

"Ó ti ń dáa bọ̀," mo wí.

Ọkọ̀ ẹrù àkọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ohùn Àlàájà wọlé, kò sì kí mi kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá ògbifọ̀, èyí kì í ṣe gàrí tí mo jẹ ní Dassa. Ó pọ́n, ó sì kan bí ọtí. Ẹ bá mi bẹ obìnrin yẹn, kó ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é. Kó má yí ohunkóhun padà."

Kó má yí ohunkóhun padà. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni ì bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ọwọ́ mi ló sì wà. Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́, Euphrasie yóò bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe pé ó ní kò dáa tẹ́lẹ̀ ni?" Mo wá lọ síbi tí ẹgbẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, mo ní:

"Àlàájà ní kò tíì tó bí òun ṣe fẹ́ ẹ."

Claudine wo ilẹ̀, ó wo Euphrasie, ó tún wo ilẹ̀.

"Má bínú, Ìyá Christelle," ló wí. "Jẹ́ kí ẹlòmíràn gbìyànjú rẹ̀ wò."

Euphrasie dìde nídìí àgbàdà tí wọ́n fi ń yan gàrí. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó kọjá níwájú gbogbo wọn, ó lọ jókòó láàrin àwọn ọmọbìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́, àwọn tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n sún fún un. Ẹnì kan na ọ̀bẹ sí i. Ó bó ẹ̀gẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ láìgbójú sókè.

Èmi wà lábẹ́ igi máńgòrò, lórí àga tí wọ́n gbé fún mi, káàdì lọ́rùn. Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, mo tún ní ọ̀la.

Ẹrù kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí Àlàájà kò pariwo, ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

"Ọ̀gá ògbifọ̀, ó ti sú mi. Bó bá rí báyìí lẹ́ẹ̀kẹta, n ó wá ọ̀nà ibòmíràn gbà. Àmọ́ ọkàn mi kò kúrò lára obìnrin yẹn. Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó rójú ṣiṣẹ́. Mo ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Bí mo bá ní láti kúnlẹ̀ fún ọkọ náà, n ó kúnlẹ̀ fún un."

Mo sọ fún un pé òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Ó ní ọkọ̀ òun ga. Mo ní ọkọ náà ti lọ sí Aklampa. Ó ní ṣé Aklampa kò ní ọ̀nà ni? Mo ní ara ọkọ náà kò yá. Ó ní, "Kí Ọlọ́run wò ó sàn títí Ọjọ́bọ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí oòrùn ń sún mọ́ àtàrí, mo gbọ́ ìró ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè. Mo dìde, mo ń rọra yọ́ gba ẹ̀yìn àwọn àpáta lọ. Ọ̀nà ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, ó sì gba iwájú Claudine kọjá.

"Interprète! Níbo lò ń lọ? Àlejò ti dé!"

Àlàájà sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó wa ọkọ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ṣẹ̀rífù, ṣì ń wá òkúta tí yóò fi dá táyà dúró. Àlàájà di fìlà òfì tuntun kan mú, ó wé e sínú ọ̀rá. Ó kí mi.

"Mo ra èyí fún ọkọ náà," ló wí. "Bí ọkùnrin bá le, fìlà a máa rọ̀ ọ́."

Fìlà náà lẹ́wà. Ojú mi lọ sí i, kí n má parọ́.

Ó kọjá lára mi lọ síbi àgbàdà. Kò rí ẹni tó ń wá. Ó wo yíká títí tó fi rí Euphrasie láàrin àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́.

"Háà! Ẹni tó ń yan gàrí, kí ló gbé e dé ibí?"

Euphrasie kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wò mí. Mo la ẹnu. Àlàájà gbé ọwọ́ sókè.

"Ọ̀gá ògbifọ̀, ẹ sinmi díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú." Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ìyàwó mi, ó sì rọra wí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Ọkọ. Rẹ. Dà?"

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Kò sí ará Dassa tí a bí tí yóò nílò ògbifọ̀ fún un.

Euphrasie nu ọwọ́ sára aṣọ, ó sì fi ẹnu ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tọ́ka sí mi.

Àlàájà yọjú wo ẹ̀yìn mi, láti mọ ẹni tó dúró síbẹ̀. Àpáta nìkan ló wà níbẹ̀.

"Èyí?" ló wí. "Ògbifọ̀?"

"Ọkọ mi ni," ni Euphrasie wí.

Àlàájà wo fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo orí mi. "Ìwọ? Ìwọ ni ọkọ burúkú náà?"

"Àlàájà, ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí," mo wí. "Tí ẹ bá lè fún mi ní ààyè..."

N kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e. N kò sì nílò rẹ̀, nítorí Ṣẹ̀rífù ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó dúró, ó ń fi ojú wọ̀n mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ojú yìí. Háà! Olódó! Olódó tèmi!" Ó gbá mi mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n, òun ló ń gún iyán ní ibùdókọ̀ nígbà tí mo ń kọ́ ọkọ̀! Kò sẹ́ni tí iyán rẹ̀ ń kúnná tó tirẹ̀ ní gbogbo Ṣakí!" Ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń gún iyán nínú afẹ́fẹ́ kí àwọn obìnrin lè rí i: gbì, gbì, gbì.

Ìyìn kan ṣoṣo tí mo gbà lọ́dún yẹn nìyẹn.

"Gervais," ni Claudine wí, "ọkùnrin yìí ń sọ odó. Ó ń sọ iyán. Kì í ṣe ọ́fíìsì ni?"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín láàrin àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rín náà ran ẹnì kejì, ó ran gbogbo wọn. Euphrasie nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ Ṣẹ̀rífù. Ó dìde, ó lọ bu gàrí lẹ́kúnwọ́ nínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e wá síwájú Àlàájà, ó sì fi ọwọ́ kejì gbá àyà ara rẹ̀.

"Gàrí mi," ló wí. "Kì í ṣe èyí o, tèmi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò dáa?"

"Kò dáa kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Àlàájà tú àpò rẹ̀. Ó yọ ọ̀rá kékeré kan tí a so lẹ́nu: gàrí ọjọ́ ìpàdé ni, ìyókù rẹ̀ tó ti fi pamọ́, tó máa ń gbé han àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ Euphrasie.

"Èyí," ló wí. "Èyí ni mo fẹ́. Ìwọ ni mo fẹ́. Láti ọjọ́ kìíní."

Euphrasie jù ú sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ pẹ́. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà, mo sì gbàdúrà pé kó kúkú gbá mi létí níwájú gbogbo wọn. Kò gbá mi. Ó gbé ṣíbí onírin tó wà lórí àgbàdà, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ bá òun mú àfọ́kù igbá òun wá láti ilé.

Claudine yọ káàdì kúrò lọ́rùn mi bí ẹni tú ewúrẹ́ lórí ìso. Àlàájà dá fìlà padà sínú àpò. Kò sọ ohunkóhun sí mi mọ́. Ṣẹ̀rífù nìkan ló ń bi mí pé kí ló dé, kí ni mo ṣe, ṣé ìyá oníyán tí mo bá ṣiṣẹ́ kò jẹ mí lówó kankan?

Rodolphe gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì. Ó fi Bàṣírù rọ́pò mi. Bàṣírù jókòó ti Àlàájà àti Euphrasie láàárọ̀ ọjọ́ kan gbáko, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n bi í, ìyẹn sì ni Àlàájà tó ní, "Kí ni juillet?" Ó ní oṣù keje ni.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàṣírù láti tọrọ àforíjì. Ó fi mí sílẹ̀ lórí ìdúró títí ó fi ká aṣọ mẹ́rin.

"Mo gbọ́ pé ará ibòmíràn ni mí," ló wí.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Inú kò bí mi," ni Bàṣírù wí, ó sì mú aṣọ karùn-ún. "Mo kàn fẹ́ kí o bá mi bi ibòmíràn náà bóyá wọ́n ní ilẹ̀ fún mi níbẹ̀."

Euphrasie kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń fọ aṣọ mi. Àwọn ọmọ ló ń jẹ́ iṣẹ́ láàrin wa. Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí: èmi náà wá di ẹni tó nílò ògbifọ̀ nínú ilé ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, lẹ́yìn Máàsì, ó lọ jókòó sórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí a ti ń sá nǹkan.

"Bàbá Christelle, wá. Sọ gbogbo rẹ̀. Má yọ ọ̀kan sílẹ̀."

Mo sọ ọ́. Mo ní kò sí ọ́fíìsì. Mo ní kò sí tábìlì.

"Òyìnbó tó ń wá kí ọ ńkọ́?"

"Fàdá kan ni. Ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ní ibùdókọ̀, ó wá jẹun lẹ́ẹ̀kan. Ó ní iyán náà dùn."

Ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu, kékeré, ó sì tètè gbé e mì.

"Ṣé o rò pé iyán tí o gún ló dùn mí?" ló wí. "Bàbá mi ro oko olóko títí ó fi kú, a kò sì tìtorí ìyẹn fi orí pamọ́. Ohun tó dùn mí ni pé oṣù mẹ́ta ni mo fi ń tọ́ gàrí ara mi wò, tí mo ń wá ohun tó ṣe é. Lójoojúmọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ìyá mi nínú sàréè, pé kò kọ́ mi dáadáa. O wà níbẹ̀, Gervais. O ń tọ́ ọ wò pẹ̀lú mi."

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ó retí kí n kọ́ yín lọ́gbọ́n. Ta ni èmi? Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Àwọn ìjọba méjèèjì ń sọ pé kí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ túbọ̀ máa bára wọn ṣòwò, wọ́n sì ń wá ohun tó ń dí ọ̀nà. Wọ́n wo ibodè, wọ́n wo títì, wọ́n wo owó. Ní Kèrè, fún oṣù mẹ́ta, èmi ni mo dí i. Bí ọ̀rọ̀ bá ń gba ọwọ́ yín kọjá láàrin èèyàn méjì, ẹ gbé e dé ibi tí wọ́n rán an. Bí ó bá tilẹ̀ máa já yín sí ìhòòhò, ẹ gbé e dé. Ìhòòhò ọjọ́ kan sàn ju irọ́ oṣù mẹ́ta lọ.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Euphrasie gbéra lọ sí Ṣakí fún oṣù kan. Kò ní kí n sin òun. Mo gbé àpò rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ibi ọkọ̀. Ó wọlé, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo iwájú. Ìgbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra ló tó yíjú.

"Adìyẹ pupa mi sàba sí ẹ̀yìn ìkòkò omi," ló wí. "Ẹyin mọ́kànlá. Má gbé e kúrò níbẹ̀, má sì jẹ́ kí ajá dé ibẹ̀."

Mo ṣọ́ adìyẹ yẹn ju bí mo ti ṣọ́ ohunkóhun láyé mi lọ. Mo ń gbé omi sún mọ́ ọn. Mo ń fọ́n àgbàdo sí i. Ó fi ẹnu ṣá mi lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì dá a lóhùn.

Ó pamọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Euphrasie pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo gbọ́ ohùn àwọn obìnrin àti ìró àgbàdà lẹ́yìn rẹ̀.

"Adìyẹ mi ńkọ́?"

"Ó ti pamọ."

"Mélòó?"

Mọ́kànlá wà ní ẹnu mi. Ó ti dé ahọ́n, ó dùn, ó sì rọrùn, kò sì sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tí yóò kà wọ́n.

"Mẹ́sàn-án," mo wí. "Méjì bàjẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ fọ́ níbi tí mo ti ń gbé omi."

Mo gbọ́ tó ní kí ẹnì kan dín igi iná kù, ó sì padà sórí fóònù.

"Mẹ́sàn-án dáa," ni ìyàwó mi wí.